Black Lightning, Luke Cage, Watchmen, Falcon, Supacell: Èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò?

Eré akọni alágbára tó ń bá ìlú wí kò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ẹni tí yóò sọ fún ni èyí tó máa báni lára mu ló wọ́n. Bí ẹ bá bi àwọn lámèyítọ́, wọ́n á gbé e gẹ̀gẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn òǹwòran, apá kan á ní irú rẹ̀ kò sí, apá kejì á ní ìwàásù inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, apá kẹta, tí kò tíì wo ìṣẹ́jú kan níbẹ̀, á ti fún un ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo.

Eré márùn-ún ni mo gbé síra wọn níbí. Mi ò ní sọ pé báyìí ni èyí tó dára jù fún gbogbo ayé. Ohun tí mò ń wò ni ibi tí ẹnu lámèyítọ́ àti ẹnu òǹwòran kò ti ṣe déédé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni eré kọ̀ọ̀kan ti ń fi irú ẹni tí wọ́n ṣe é fún hàn.

Black Lightning: The CW ní Amẹ́ríkà, 2018 sí 2021, sáà mẹ́rin, apá 58.
Luke Cage: Netflix, 2016 àti 2018, sáà méjì, apá 26. Láti 2022 ló ti kó lọ sí Disney+.
Watchmen: HBO, 2019, sáà kan péré, apá 9.
The Falcon and the Winter Soldier: Disney+, 2021, apá 6. Falcon ni màá máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.
Supacell: Netflix, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, 2024, apá 6 ní sáà àkọ́kọ́. Wọ́n ti fọwọ́ sí sáà kejì.

Máàkì tí ẹ rí yẹn

Máàkì àwọn lámèyítọ́ lórí Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó èrò lámèyítọ́ àti òǹwòran jọ, kì í ṣe iye tí wọ́n fún eré. Ó kàn ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní eré náà dára. Bí lámèyítọ́ ogún bá wo eré kan, tí gbogbo wọn sọ pé kò burú, ẹ lè wò ó, 100% ni yóò gbà. Bí mẹ́rìnlá bá ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí láyé, tí mẹ́fà sì ní àwọn kò fẹ́ rí i sójú, 70% ni. Èmi o, ekejì yìí ni màá kọ́kọ́ wò.

Ti tẹlifíṣọ̀n tún yàtọ̀ sí ti sinimá. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré sábà máa ń fi apá díẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn lámèyítọ́ kí eré tó jáde, orí èyí náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ̀wé lé. Ẹni tó yin apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ò lè sọ bóyá ìparí rẹ̀ já sí nǹkan. Òǹwòran ló ń wò ó dé òpin, òun ni inú ń bí nígbà tí ó bá bàjẹ́ lọ́nà. Nítorí náà, bí eré bá gba 95% lọ́wọ́ lámèyítọ́, tí òǹwòran sì fún un ní ohun tó kéré sí i dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdajì kejì ló fàṣìṣe.

Ó sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Máàkì òǹwòran lórí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n, ẹnikẹ́ni ló lè fi í sílẹ̀, yálà ó wo eré náà tàbí kò wò ó. Ní 2022, nígbà tí Ms. Marvel jáde, tó dá lórí Kamala Khan, ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan ní Jersey City, àwọn èèyàn ya bo IMDb, ìkànnì tí òǹwòran ti ń fún eré ní máàkì, wọ́n ń fún un ní 1 nínú 10. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn tó kọ She-Hulk, eré akọni obìnrin mìíràn, ti mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá wọn débi pé nínú apá kẹta wọ́n to èébú tí wọ́n rò pé wọ́n máa bú eré náà sójú ìran. Nígbà tí apá yẹn jáde, èébú náà gan-an ló ti kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí a má sáré sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ní 2020, sáà kejì The Boys gba máàkì burúkú rẹpẹtẹ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, torí pé Amazon kò gbé gbogbo apá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àìnísùúrù lásán ni.

Nínú márùn-ún tiwa yìí, Watchmen ni àlàfo ti fẹ̀ jù. Lámèyítọ́ fún un ní ohun tó lé ní 90%, òǹwòran kò jìnnà sí ìdajì. Supacell wà ní ìkángun kejì: nígbà tó jáde, gbogbo lámèyítọ́ tí Rotten Tomatoes kó jọ ló yìn ín, 100%, àwọn òǹwòran náà kò sì bá wọn jà lórí rẹ̀.

Nígbà tí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ wo ohun tí eré kọ̀ọ̀kan fi ọlọ́pàá ṣe.

Black Lightning kò fi àkókò ṣòfò. Jefferson Pierce, tó jẹ́ Black Lightning fúnra rẹ̀, pírínsípà ilé-ìwé Garfield High, lọ mú Anissa, ọmọ rẹ̀ àgbà, kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n mú un níbi ìwọ́de. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì wà nínú ọkọ̀, òjò ń rọ̀, ni ọlọ́pàá bá dá wọn dúró. Wọ́n wọ́ pírínsípà jáde sínú òjò lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ja ṣọ́ọ̀bù ọtí lólè. Obìnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá wò ó, ó ní òun kọ́. Wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ojú Jefferson wá tàn yòò, iná orí ọkọ̀ ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọdún 9 ló ti fi agbára yẹn pamọ́. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ìjà. Ohun tí eré náà fẹ́ sọ nípa ìtìjú ti parí síbẹ̀, ó kù kí ó máa sọ ìtàn.

Ìran yìí ni àwọn lámèyítọ́ gbé sókè jù nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ ní January 2018. Wọ́n ní akọni yìí ti dàgbà, ó ti bímọ, ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ó ní ilé-ìwé tó ń darí, kì í ṣe ọmọdékùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohun tó lè ṣe. Salim Akil àti Mara Brock Akil tó wà nídìí rẹ̀ ti ń ṣe eré ìdílé aláwọ̀ dúdú tipẹ́, ó sì hàn. Ẹ wo bí bàbá àti ọmọ ṣe ń jiyàn nínú ọkọ̀ yẹn: ọmọ fi ọ̀rọ̀ Fannie Lou Hamer, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, gbèjà ara rẹ̀, bàbá fi ti Martin Luther King dá a lóhùn. Àwọn òǹwòran kan ní ìwàásù nìyẹn. Èmi rí ilé tí wọ́n ti kàwé, tí bàbá àti ọmọ ti ja ìjà yẹn láìmọye ìgbà. Bí ìran ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí kò bá mú yín, ẹ fi eré náà sílẹ̀, torí kò ní yí padà.

Ti Luke Cage, ìbọn kò ràn án. Cheo Hodari Coker, tó darí ìkọ̀wé rẹ̀, sọ ní Comic-Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ eré akọni, ní 2016 pé ayé ti ṣe tán fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọta ìbọn kò lè wọ̀ lára. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló mọ ohun tó ń sọ: ọdún mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n yìnbọn pa Trayvon Martin, ọmọ ọdún 17, ní Florida, hoodie, ẹ̀wù oníbòrí, ló wọ̀. Nínú apá kejìlá, ọlọ́pàá ń wá Luke kiri Harlem, àdúgbò aláwọ̀ dúdú ní New York. Hoodie rẹ̀ ti lu bí ajẹ̀rẹ̀. Ó bá Method Man, olórin yẹn gan-an, pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí olè wọ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀wù. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin Harlem fi ń wọ hoodie oníhò káàkiri kí ọlọ́pàá má baà mọ ẹni tí wọ́n ń lé. Lámèyítọ́ àti òǹwòran pàdé lórí ìran yẹn. Ibi tí wọ́n ti yapa ni ìwà Luke fúnra rẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ àbùkù tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń bú aláwọ̀ dúdú pe ara wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ Pop, ẹni tó bá ṣépè, owó ni yóò sọ sínú ìgò. Àwọn lámèyítọ́ aláwọ̀ dúdú kan ní èyí jọ ọ̀rọ̀ àgbà tó rò pé ìwà ọmọlúàbí ló máa gbani lọ́wọ́ ìbọn. Ẹ̀sùn yẹn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún wà nínú ohun tó mú kí Harlem inú eré náà dà bí ibi tí èèyàn ń gbé ní tòótọ́.

Watchmen yí gbogbo rẹ̀ po. Ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú ló dá ọkọ̀ aláwọ̀ funfun dúró lóru ní Oklahoma. Ó rí ìbòjú ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà Seventh Kavalry nínú ọkọ̀ náà, ó padà sínú mọ́tò tirẹ̀, ó ń tọrọ ìbọn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìbọn rẹ̀ wà ní títì, àgọ́ ni yóò bá a ṣí i láti òkèèrè, ẹni tó wà ní àgọ́ sì ń bi í ní ìbéèrè lẹ́yìn ìbéèrè. Ó ń dáhùn, ó ń bojú wo iwájú. Kí ó tó fa ìbọn yọ, wọ́n ti dáná ìbọn fún un. Òǹwòran tó ń retí kí eré sọ fún un ẹni tí yóò bá kẹ́dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan bínú pé eré náà ń yẹ̀yẹ́ wọn. Àwọn kan láti apá òdìkejì bínú pé ó sọ ọlọ́pàá di akọni, ohùn wọn sì tún le sí i ní 2020 lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló bínú.

Falcon ṣe tirẹ̀ wéréwéré. Ní Baltimore, Sam Wilson, ìyẹn Falcon, àti Bucky, ìyẹn Winter Soldier, ń jiyàn lójú títì, ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró, wọ́n ní kí Sam mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ wá, wọ́n bi Bucky bóyá ẹni yìí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ ni wọ́n tọrọ àforíjì. Wọ́n sì wá mú Bucky, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, torí pé ó pa ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú dókítà ọpọlọ jẹ. Ẹ̀fẹ̀ ló fi parí rẹ̀. Disney ni, wọn kì í fẹ́ kí ẹ sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Supacell kò fi ọlọ́pàá ṣe ọ̀tá pàtàkì. Àwọn kan tó ń jí èèyàn gbé ni wọ́n ń sá fún.

Ìwàásù dà, ìtàn dà?

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan irú eré báyìí jù nìyí: ó ń wàásù. Ó jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn.

Ẹ wo ìparí Falcon. Ní April 23, 2021, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ní Derek Chauvin jẹ̀bi ikú Floyd, Sam dúró níwájú sẹ́nétọ̀ kan pẹ̀lú ìyẹ́ tuntun àti apata Captain America, akọni tó dúró fún Amẹ́ríkà, ó sọ̀rọ̀ gígùn nípa agbára àti ẹni tí wọ́n ń fi agbára ṣe é sí. Òǹwòran kan sunkún. Ọ̀pọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Twitter. Àwọn lámèyítọ́ pàápàá ní kò sọ ohun tó fẹ́ kí sẹ́nétọ̀ náà ṣe gan-an. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ìran tó lágbára jù nínú eré yẹn kò ní ọ̀rọ̀ gígùn nínú: nínú apá àkọ́kọ́, Sam àti àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ yá owó ní báǹkì, òṣìṣẹ́ báǹkì mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ bá a ya fọ́tò, ó sì kọ̀ láti yá wọn lówó. Ekejì ni Isaiah Bradley, tí Carl Lumbly ṣe: sójà aláwọ̀ dúdú tí ìjọba fi oògùn dán agbára wò lára rẹ̀, tí wọ́n sì tì mọ́lé fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó mọ ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee láti 1932 sí 1972, tí wọ́n fi àwọn tó ní àrùn rẹ́kórẹ́kó nínú wọn sílẹ̀ láìtọ́jú, mọ ibi tí ìtàn yìí ti wá. Àgbà yìí sọ fún Sam pé aláwọ̀ dúdú tó bá níyì ara rẹ̀ kò ní fẹ́ di Captain America. Eré náà kò rí èsì gidi fún un.

  

Watchmen kò wàásù, ó kàn fi hàn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Tulsa ní 1921, ní Greenwood, níbi tí àwọn èèyàn aláwọ̀ funfun ti sun ojúlé àti ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bíi 35 ọ̀wọ́ ilé, tí àwọn kan fojú bù ú pé èèyàn tó kú tó 300. Ìtàn gidi ni, ọ̀pọ̀ òǹwòran ní Amẹ́ríkà sì sọ pé àwọn kò gbọ́ ọ rí kí àwọn tó rí i nínú eré yìí. Wọ́n rò pé wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ ni. Bí eré kan bá ṣe iṣẹ́ yìí nìkan, tí ó sì parí, ó ti ṣe ju ọ̀pọ̀ lọ. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy 11 ní 2020, tó fi mọ́ ti Regina King tó jẹ́ olú òṣèré rẹ̀, HBO sì ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún yẹn ní ìparí ọ̀sẹ̀ Juneteenth, ìrántí òpin oko ẹrú ní Amẹ́ríkà.

Kí ló dé wá tí òǹwòran fi fún un ní máàkì bẹ́ẹ̀? Ìdí pọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé aláwòrán Alan Moore àti Dave Gibbons ti 1986 àti 1987, tí eré yìí ti jáde wá, rí i pé ìbòjú Rorschach tí wọ́n kà sí ti akọni ló wá wà lójú ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìyẹn dun wọ́n. Àwọn mìíràn kò lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú apá mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sì sí àbùkù níbẹ̀, eré náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn tó wúwo jù lójú tèmi ni ti àwọn tó ní eré tó rí ìyà aláwọ̀ dúdú kedere báyìí, bí ó ṣe lo Vietnam àti Lady Trieu, olówó ará Vietnam inú eré náà, kò fún àwọn ará Vietnam ní irú ojú àánú bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó dá wọn lóhùn dáadáa.

Ọ̀tá inú eré

Eré 2016 ni Luke Cage, kò sí àṣírí níbẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mahershala Ali ló ṣe Cottonmouth. Ó ń tẹ dùùrù, àwòrán olórin rap Biggie tó dé adé wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, bí ó bá sì dúró síwájú rẹ̀ dáadáa, adé yẹn á bọ́ sórí òun náà. Ní apá keje, ìbátan rẹ̀ Mariah, tí Alfre Woodard ṣe, lù ú pa. Diamondback, ọ̀tá mìíràn, gba ipò rẹ̀, eré sì rọ. Kò sí ìyapa lórí èyí: lámèyítọ́ tó wò ó tán àti òǹwòran jọ sọ ọ́. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àríwísí tí wọ́n kọ lórí ìdajì àkọ́kọ́. Sáà kejì sàn díẹ̀, torí Mariah ti di olórí ibi fúnra rẹ̀, Netflix sì wọ́gi lé eré náà ní October 2018.

Nínú Black Lightning, Tobias Whale ni ọ̀tá. Àfín ni nínú ìwé aláwòrán tí wọ́n ti mú eré náà, àfín sì ni Krondon tó ṣe é. Fíìmù ti ń fi àfín ṣe ẹni ibi tipẹ́tipẹ́, ó sì bí àwọn kan nínú pé wọ́n tún ṣe é. Ohun tó yọ èyí sílẹ̀ ni pé ẹni tó mọ ìgbésí ayé àfín ló ń ṣe é, àti pé eré náà jẹ́ kí a rí bàbá tó fìyà jẹ ẹ́ kó tó di ohun tó dà. Ó máa ń wọ kóòtù tó dáa, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó dẹ́rù bani.

Falcon ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù ní apá yìí. Karli Morgenthau ń jà fún àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé wọn, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́. Kí òǹwòran má baà fara mọ́ ọn jù, wọ́n mú kí ó ju bọ́ǹbù sí ilé tí èèyàn wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kórìíra ìṣèlú eré náà àti àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jọ rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yìí. John Walker, tí ìjọba sọ di Captain America tuntun, ló dára jù nínú wọn: ìran tó ti fi apata Captain America pa èèyàn lójú gbogbo ayé, tí ẹ̀jẹ̀ wà létí apata, kò kúrò lójú mi.

Gígùn rẹ̀ ńkọ́?

Apá 58 kì í ṣe eré àṣálẹ́ kan. Black Lightning bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹwòran tó lé ní mílíọ̀nù 2 lálẹ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó di sáà kẹta, wọn kò tó mílíọ̀nù 1 mọ́ lọ́sẹ̀. Máàkì lámèyítọ́ kò wá ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìtàn ìdílé àti àdúgbò tó mú àwọn èèyàn wọlé ti di ìtàn iléeṣẹ́ ìjọba ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní ASA àti ogun pẹ̀lú ìlú òkèèrè tí wọ́n ń pè ní Markovia. Ẹni tó wá wo bàbá àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò wá fún ìyẹn. Ìmọ̀ràn mi: ẹ wo sáà àkọ́kọ́, apá 13, kí ẹ dúró bí ó bá wù yín. Ó parí dáadáa níbẹ̀. Kìkì ẹni tó bá fẹ́ràn Anissa gan-an ni mo lè ní kó máa lọ; òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ akọni tó sì fẹ́ràn obìnrin bíi tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, wọn kò sì sọ ọ́ di ìṣòro nílé rẹ̀. Inú àwọn òǹwòran tó ti ń wá irú rẹ̀ dùn dé góńgó.

Apá mẹ́fà péré ni Supacell, ó sì tún lọ́ra níbẹ̀rẹ̀. Rapman, ìyẹn Andrew Onwubolu, ló hùmọ̀ rẹ̀, tó sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Àwọn márùn-ún tí kò mọra wọn, ọmọ gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ṣàdédé rí agbára lára. Tazer tó ń darí ẹgbẹ́ ọmọ ìta ní àféèrí. Andre tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí lágbára bí ogún ọkùnrin, ó sì ń wá iṣẹ́ kiri nítorí ọmọ rẹ̀. Michael Lasaki, awakọ̀ tó ń já ẹrù sílé oníbàárà, tí Tosin Cole ṣe, lè dé ọjọ́ iwájú. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé òbí kọ̀ọ̀kan wọn ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Mi ò mọ eré akọni mìíràn tó fi àrùn yìí sáàárín ìtàn rẹ̀, àwọn tó ní in nílé sì mọ ohun tí ìyẹn tó. Àwọn òǹwòran tó ráhùn ní ó pẹ́ kí àwọn márùn-ún tó pàdé. Òótọ́ ni. Àwọn lámèyítọ́ yin ìlọ́ra yẹn gan-an, wọ́n ní ó jẹ́ kí a mọ kálukú kí agbára tó dé.

Èwo ni tiyín?

Bí ẹ bá ń wá eré tí ẹ lè wò pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Falcon ló rọrùn jù. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà, èpè kò pọ̀. Ẹ kàn múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ gígùn ìparí yẹn. Black Lightning ṣe é wò pẹ̀lú ọmọ náà, ṣùgbọ́n àwọn ìran kan le nínú rẹ̀. Watchmen, rárá. Ìhòòhò wà níbẹ̀, ìpànìyàn wà níbẹ̀, ọmọdé kò ní lóye èyí tó kù.

Bí ẹ kò bá fẹ́ràn akọni alágbára rárá, Watchmen tàbí Supacell. Watchmen bí ẹ bá ní sùúrù, tí ẹ kò sì bínú sí eré tó ń mú yín wá ìdáhùn fúnra yín. Supacell bí ẹ bá fẹ́ èèyàn tí ẹ ti mọ irú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ orin, aṣọ àti bí àdúgbò ṣe ń rùn àti bí ó ṣe ń dún lẹ ń wá, Luke Cage, apá méje àkọ́kọ́. Orin Gang Starr, àwọn olórin rap, ni wọ́n fi sọ orúkọ gbogbo apá sáà kìíní, àwọn olórin gidi sì ń kọrin lórí pèpéle Harlem's Paradise, ilé ijó inú eré náà. Lẹ́yìn apá keje, ọwọ́ yín ló kù sí.

Ẹ má fi apá àkọ́kọ́ dán gbogbo wọn wò bákan náà. Black Lightning ti sọ gbogbo ohun tó jẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Luke Cage nílò apá méjì. Supacell nílò mẹ́ta. Falcon, ẹ lè fo lọ sí apá karùn-ún tààrà, níbi tí Isaiah àti Sam ti jókòó sọ̀rọ̀. Bí ìyẹn bá mú yín, ẹ padà síbẹ̀rẹ̀. Watchmen ni ẹ kò gbọdọ̀ fo. Apá kẹfà rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dúdú àti funfun látòkèdélẹ̀, ló gba Emmy ìkọ̀wé fún Damon Lindelof àti Cord Jefferson, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó láìkọ́kọ́ wo márùn-ún tó ṣáájú, àwòrán lásán ni yóò rí.